Awò Abojú Nínú Kíláàsì: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ẹnu Sọ

Ní ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ Google ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ètò kan tí ó sọ ní Expeditions jáde fún lílò nínú kíláàsì. Ohun èlò rẹ̀ kò ju páálí tí wọ́n ṣẹ́ bí àpótí kékeré, dígí méjì níwájú ojú, àti fóònù tí wọ́n tì bọ inú rẹ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e bojú, yóò dà bí ẹni pé ó dúró ní Machu Picchu ní ilẹ̀ Peru, tàbí láàárín iyùn ìsàlẹ̀ òkun Australia. Bí ó bá sì yíjú, ìran náà yóò bá a yí. Orúkọ tí ó bá a mu ní Yorùbá ni awò abojú, nítorí pé bíbo ojú pátápátá ni ó fi yàtọ̀ sí awò tí àwọn àgbà fi ń kàwé. Kí ojú kọ̀ọ̀kan máa wo àwòrán tirẹ̀, kí ọpọlọ sì so méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ọgbọ́n titun: Charles Wheatstone, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1838. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé kíláàsì kan lódindi lè tẹ̀lé olùkọ́ kan wọ ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a yin àwọn tí ó ṣe ètò náà nítorí pé olùkọ́ ni wọ́n fi ṣe amọ̀nà. Àlàyé àti ìbéèrè wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Àwọn àmì ojú kéékèèké sì ń fi hàn án ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò. Bí ó bá fi ìka kan ibì kan nínú àwòrán, ọfà a yọ nínú awò àwọn ọmọ láti darí wọn síbẹ̀.

Ọfà yìí gan-an ni àléébù wà lára rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dán awò abojú wò kò ní pẹ́ gbọ́ ariwo: “Ẹ wò ó! Ẹ wo ìyẹn níbẹ̀!” Ọmọ kan ń na ìka sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìka náà? Ojú gbogbo wọn ni a ti bò. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́ka tí èdè ní, èyí, ìyẹn, ibí, ọ̀hún, ti di aláìlágbára lójijì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹnìkejì rí ohun tí òun rí ní láti pe nǹkan lórúkọ: ògiri òkúta tí ó wà lápá òsì, lókè àtẹ̀gùn, níbi tí koríko ti hù. Ẹ̀kọ́ èdè tí ó ṣòro láti rí nínú kíláàsì lásán ni èyí, àìríran ni ó sì mú un wá. Ọfà dé, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹnu. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò fi ọfà sílẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ọmọ kan fi ọ̀rọ̀ nìkan darí àwọn yòókù.

Ìwádìí kò tako èyí. Ní 2018, Jocelyn Parong àti Richard Mayer ní California fi ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn tí wọ́n lo awò abojú gbádùn rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wo àwòrán àti àkọsílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ni ó mọ ẹ̀kọ́ náà jù. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àwọn kan dúró lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan láti fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣàkópọ̀ ohun tí wọ́n rí, àwọn wọ̀nyí tayọ àwọn tí kò dúró. Makransky, Terkildsen àti Mayer rí irú àbájáde àkọ́kọ́ yẹn ní 2019: wíwà-níbẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ̀kọ́ dín kù.

Ọ̀rọ̀ ara wọn, ní èdè wo? Ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, Faransé ni ilé-ìwé fi ń kọ́ni. Bí ọmọ bá rí iyùn ìsàlẹ̀ òkun, tí olùkọ́ sì fún un ní orúkọ Faransé rẹ̀ nìkan, ohun àjèjì kan ni ó rí, ó parí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pe iyùn ní iyùn, ọmọ náà yóò rántí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ọba, yóò sì béèrè bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wá hù nínú omi. Ìgbà yẹn ni ó tó àkókò láti sọ fún un pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni iyùn, pé egungun irú rẹ̀ kan tí ó pupa ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àti pé irú ti Australia yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Kò sí ọfà tí ó lè bí ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Google ti Expeditions pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 2021. Ó kó ọ̀pọ̀ nínú ìran rẹ̀ lọ sí Google Arts & Culture, ṣùgbọ́n Tour Creator, tí àwọn olùkọ́ fi ń ṣe ìran tiwọn láti 2018, bá a lọ lọ́jọ́ kan náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó dẹ́kun títa páálí. Awò tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, irú Quest ti ilé-iṣẹ́ Meta, wọ́n ju páálí lọ fíìfíì. Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n fi ṣe ààlà rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 10 ní 2023, lábẹ́ ìṣàkóso òbí. Ọmọ ọdún 8 tí ó gbé páálí bojú ní 2016 kò sí lára àwọn tí wọ́n ṣe èyí fún.