Àdírẹ́sì Tí Aṣàmúlò Mú Wá: Lámèyítọ́ Ìwé Linux Device Drivers

Ìwé kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ darúgbó. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, Linux Device Drivers, ìtẹ̀jáde kẹta, ti ọdún 2005 ni, kernel 2.6.10 ló sì ń bá wí. Alessandro Rubini nìkan ló kọ ti àkọ́kọ́ ní 1998. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Jonathan Corbet àti Greg Kroah-Hartman ti wà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ O'Reilly ló ń tà á, síbẹ̀ odindi rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Orí 18 ló ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ dì mú: báwo ni dírẹ́bà ṣe ń fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀?

Dírẹ́bà tí à ń wí yìí ò wa dánfó o. Kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ ni: díìsìkì ni o, kíbọ́ọ̀dù ni o, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o. Inú kernel, tí í ṣe ààfin kọ̀ǹpútà, ló ń gbé, àṣẹ tí kernel ní lòun náà sì ní. Àwọn ètò tí èmi àtìwọ ń lò, ẹ̀yìn odi ààfin ni wọ́n wà, kálukú pẹ̀lú mẹ́mọ́rì tirẹ̀. Bí ètò kan bá fẹ́ gba dátà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, á fún dírẹ́bà ní àdírẹ́sì kan: bá mi gbé e síbẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á ní kò sí wàhálà, ṣebí àdírẹ́sì ti wà lọ́wọ́. Orí kẹta ìwé náà ní rárá, ó sì sọ ìdí. Lórí irú kọ̀ǹpútà kan, àdírẹ́sì tó nítumọ̀ fún aṣàmúlò lè má jọ nǹkan kan lójú kernel. Bó bá tiẹ̀ nítumọ̀, ojú ewé mẹ́mọ́rì tó ń tọ́ka sí lè má sí nílé. Wọ́n lè ti kó o lọ sórí díìsìkì. Kernel tó bá já wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìkan ìlẹ̀kùn á kọsẹ̀, á pariwo «oops», á sì pa ètò tó rán an níṣẹ́. Ìdí kẹta ló dùn mọ́ mi jù: ta ló mú àdírẹ́sì ọ̀hún wá? Aṣàmúlò ni. Ó lè ṣìṣe, ó sì lè jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó ní kí o lọ gbé ẹrù sí yàrá òun, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ yàrá ọba ló júwe fún ọ, ìwọ tí o ní kọ́kọ́rọ́ ààfin lo sì máa fọwọ́ ara rẹ da ibẹ̀ rú.

Ìdí nìyẹn tí copy_to_user àti copy_from_user fi wà. Àwọn ni oníbodè. Wọ́n á yẹ àdírẹ́sì wò, wọ́n á gbé dátà kọjá, bí ọ̀nà bá sì dí lójijì, wọn ò ní wó ilé lé ẹnikẹ́ni lórí. Iye báìtì tí wọn ò rí gbé ni wọ́n fi ń dáhùn. Òdo ni àṣeyọrí. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn á ka àṣeyọrí sí ìkùnà.

Ohun tí mo gbóríyìn fún jù ni ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ni. Wọn ò ní kí o lọ ra ẹ̀rọ kankan. Wọ́n ṣẹ̀dá scull, ẹ̀rọ tí kò sí, mẹ́mọ́rì lásán tó ń díbọ́n bí ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè dán an wò. Ẹ wo orí kẹrin, níbi tí wọ́n ti fi strace ṣọ́ àṣẹ ls bó ṣe ń kọ̀wé sínú scull. ls gbé báìtì 4096 wá. Scull, tí ìwọ̀n agbada rẹ̀ jẹ́ 4000, gba 4000, ó dá ìyókù padà. ls ò jà, ó tún gbé 96 tó kù wá. Kò sí àlàyé gígùn tó lè yé mi tó ìlà méjì yẹn pé dírẹ́bà ò jẹ gbèsè gbígba gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní orí kẹta. Ní orí karùn-ún ni wàá tó gbọ́ pé ẹni tó di àgádágodo tí wọ́n ń pè ní spinlock mú kò gbọdọ̀ sùn, àti pé kíkó dátà lọ sọ́dọ̀ aṣàmúlò lè múni sùn. Ní orí kẹfà ni access_ok, tó ń yẹ àdírẹ́sì aṣàmúlò wò, ti yọjú, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò: bí àṣẹ ioctl, tí aṣàmúlò fi ń darí ẹ̀rọ, bá jẹ́ ti «kíkà», aṣàmúlò ló ń kà, nítorí náà dírẹ́bà ló máa kọ, VERIFY_WRITE sì ni kí o fi yẹ àdírẹ́sì wò. Àwọn òǹkọ̀wé mọ̀ pé ó rúni lójú, wọ́n tiẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú kóòdù. Ìkìlọ̀ ò tó. Àwòrán kékeré kan ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ìgbà tí Linux 5.0 dé ní 2019 ni wọ́n tó yọ ìyàtọ̀ náà kúrò pátápátá.

Àlébù tó wúwo jù lójú tèmi ni ohun tí ìwé náà dákẹ́ lé. Aṣàmúlò lè ní okùn iṣẹ́ méjì. Bí dírẹ́bà bá ka gígùn ẹrù lẹ́ẹ̀kan tó sì rí i pé ó dára, okùn kejì lè yí nọ́ńbà ọ̀hún padà kó tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Àpẹẹrẹ ioctl ti scull kì í gbà ju nọ́ńbà kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ìṣòro yìí ò sì ráyè yọjú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ á rò pé àyẹ̀wò kan ti parí ọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ ńkọ́? Wọ́n sọ pé __put_user, tó ń gbé nọ́ńbà kan sọ́dọ̀ aṣàmúlò, kì í yẹ àdírẹ́sì wò, kí a má lò ó àfi bí a bá ti kọ́kọ́ pe access_ok. Ní 2017, àwọn tó ń kọ kernel gan-an ṣe àtúnṣe sí waitid, àṣẹ tí ètò fi ń dúró de ètò tó bí, wọ́n lo ìbátan __put_user, wọ́n gbàgbé access_ok. Linux 4.13 jáde bẹ́ẹ̀, ètò aṣàmúlò lásán sì lè kọ̀wé sínú mẹ́mọ́rì kernel. Orí kẹẹ̀ẹ́dógún náà ò gba get_user_pages, tó ń di ojú ewé aṣàmúlò mú ní tààrà, bí ohun ṣeréṣeré: dírẹ́bà bíi scull kì í sábà nílò rẹ̀, ó tiẹ̀ lè pa á lára. Inú kóòdù yẹn náà ni Dirty COW, ihò ààbò tí wọ́n tú fó ní 2016, fara pamọ́ sí. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti gbìyànjú láti dí ihò yẹn ní ọdún 11 sẹ́yìn, ìyẹn ọdún tí ìwé yìí jáde, kí wọ́n tó tún yí àtúnṣe náà padà.

Mo gbé scull sórí kernel òde òní láti wò ó bóyá á ṣì ṣiṣẹ́. Kò gbà. init_MUTEX ti ròkun ìgbàgbé, ioctl àtijọ́ ò sí mọ́, access_ok ní ohun mẹ́ta tí mo kó fún òun ti pọ̀ jù, méjì lòun ń fẹ́. Mo tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ìlà tí copy_to_user àti copy_from_user wà ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rárá.