Ọ̀run Móoru àti Ẹyin Kejì: Ta Ló Ni Iṣẹ́ Bàbá Sàlá?

Ìfáàrà

Ọ̀run Móoru wà lára àwọn fíìmù Yorùbá tí òkìkí wọn pọ̀ ju iye ènìyàn tó fi ojú ara wọn rí wọn lọ. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ló gbé e jáde ní ọdún 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn òbí yín léèrè pé kí ni wọ́n rántí nípa fíìmù yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kọ́kọ́ sọ ìtàn inú rẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Háà, èyí tí wọ́n jí mọ́ bàbá yẹn lọ́wọ́!"

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ fíìmù náà wò pa pọ̀ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Èrò wa ni pé Ọ̀run Móoru fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ohun-ìní àti ìgbẹ́kẹ̀lé, tó lè ràn wá lọ́wọ́ nínú àríyànjiyàn tó ń lọ lóde òní lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́. Ta ló láṣẹ láti ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn? Ta ló láṣẹ láti pa iṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́? Kí sì ni ojúṣe àwa tí à ń wò ó lókèèrè?

Ìtàn inú fíìmù náà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. "Móoru" jẹ́ àkànpọ̀ "mú" àti "ooru": fáwẹ́lì "mú" ti pa jẹ. Ohun tó bá móoru, ó gbóná nìyẹn. Ọ̀run tí àwọn èèyàn rò pé ìsinmi wà, òun náà gbóná! Ẹni tó rò pé òun lè sá fún wàhálà ayé lọ síbẹ̀ yóò bá ìyàlẹ́nu pàdé.

Lámídì, tí Bàbá Sàlá ṣe, ti fìgbà kan jẹ́ oníṣòwò aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu. Gbájúẹ̀ kan tàn án jẹ pé òun lè fi idán kó owó kún inú àgbá epo. Lámídì gbà á gbọ́, ó kó gbogbo ohun tó ní lé e lọ́wọ́, ó sì di ẹdun arinlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tù ú nínú, ó tún gbìyànjú, wọ́n tún tàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó bá bẹ́ sódò kó lè kú. Ó dé ìlú Ikú, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n lé e dànù. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ayọ̀, tó fún un ní ẹyin méjì. Kó fọ́ ọ̀kan bó bá délé, yóò sì di olówó. Ìkejì ńkọ́? Kò gbọdọ̀ fọ́ ọ. Lámídì délé, ó fọ́ ẹyin àkọ́kọ́, owó dé, ó ṣe àríyá ńlá. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò wọlé, ẹyin kejì fọ́, Ikú sì yọ sí i gbàgà. Ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé orí ibùsùn nílé ìwòsàn ni Lámídì wà. Àwọn apẹja ti yọ ọ́ lódò. Àlá ló ń lá.

Bí ẹ bá ka ìtàn yìí báyìí, ẹ ó rò pé àlọ́ lásán ni. Ara àlọ́ ló ti wá lóòótọ́: a ti mọ ìtàn ohun méjì tí a fún ènìyàn, tí a ní kó má fọwọ́ kan ọ̀kan. Ohun tí Bàbá Sàlá fi kún un ni ara rẹ̀. Ìrísí tó ti sọ ọ́ di gbajúmọ̀ kí fíìmù tó dé, gíláàsì ojú ràgàjì, táì ńlá, aago tó tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ń sọ fún wa pé ọkùnrin yìí fẹ́ jọ ọlọ́lá ju bí agbára rẹ̀ ti mọ lọ. Ẹ̀rín wa sí i kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà nìkan. A mọ ara wa nínú rẹ̀.

Ní tèmi, ìparí rẹ̀ ni ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá di àlá, ìwà tí Lámídì hù kò ná an ní ohunkóhun mọ́. Òǹwòran á mí kanlẹ̀, á sì máa lọ sílé. Ẹni tó ṣe fíìmù náà kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: òfò tirẹ̀ kì í ṣe àlá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fíìmù

Láti lóye òfò náà, ó yẹ kí ẹ mọ bí àwọn òṣèré Yorùbá ṣe ń ta fíìmù nígbà náà. Wọn kì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé róòlù fíìmù àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde kiri: lónìí gbọ̀ngàn ìlú, lọ́la ilé-ẹ̀kọ́, lọ́tùn-únla ilé sinimá. Ẹni tó ni fíìmù ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba owó ìwọlé. Bí fíìmù bá ti jáde sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kó tó yí ìlú po, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àdàkọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Àwọn èèyàn ń wò ó nínú yàrá wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbèsè sì ń ga lé Bàbá Sàlá lórí. Ó tún gbìyànjú, ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983 àti Mosebọ́látán ní 1985, ṣùgbọ́n òfò ti àkọ́kọ́ yẹn kò tán lára rẹ̀ títí ó fi jáde láyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 82.

Òfin wà nígbà náà o. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 1970 ni Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n ìyà tó wà nínú rẹ̀ kò tó ohun tó lè ba olè lẹ́rù. Ọdún 1988 ni wọ́n tó ṣe èyí tó le jù ú lọ. Èyí tó wà lóde báyìí ni òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ṣé olè wá tán? Rárá. Ní ọdún 2015, Kúnlé Afọláyan ké gbàjarè pé wọ́n ń ta ayédèrú October 1, fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 2014. Bàbá rẹ̀, Adé Afọláyan tí a mọ̀ sí Ade Love, ló darí Mosebọ́látán fún Bàbá Sàlá. Ohun tó ta bàbá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún padà wá ta ọmọ.

Ìfòfindè ńkọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba tó ń fòfin de iṣẹ́ àti olè tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé àwọn méjèèjì ń fi ìyà jẹ oníṣẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Hubert Ògúndé. Ní ọdún 1964 ó ṣe eré Yorùbá Ronú, tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìjà àárín àwọn olórí Yorùbá. Ìjọba Samuel Ládòkè Akíntọ́lá bínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba ológun dé ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Òfò owó ni fún Ògúndé, nítorí agbègbè yẹn ni ọjà rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìfòfindè yẹn kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni gbogbo ayé túbọ̀ mọ̀ pé òun ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Olè kásẹ́ẹ̀tì ṣe òdì kejì rẹ̀. Kò dí ẹnu Bàbá Sàlá. Ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ó já okùn tó wà láàárín ohùn náà àti ọwọ́ tó yẹ kó jẹun níbẹ̀. Nítorí náà ìwòsàn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Òmìnira la fi ń wo ti àkọ́kọ́ sàn, ìṣirò owó àti òótọ́ la fi ń wo ti èkejì.

Ibì kan wà tí méjèèjì ti pàdé, a kò sì gbọdọ̀ gbójú fò ó. Ìbẹ̀rù olè mú kí ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà náà tọ́jú fíìmù wọn pamọ́, wọn kò gbé e sórí fídíò rárá. Róòlù fíìmù kì í sì í ṣe òkúta: ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́. Bí àwọn kan ṣe sọnù nìyẹn. Ààbò tó pọ̀ ju ti òfin lọ di sàréè. Lóde òní náà, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí fíìmù lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó dára bí olè ló gbé e síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ láti ṣàríwísí rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé oníǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ó bóyá ìlò náà bófin mu kó tó bèèrè pé kí wọ́n yọ ọ́. Ìdájọ́ tó tọ́ ni, nítorí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò yẹ kó di pàṣán tí a fi ń na ẹni tó bá wí ohun tí kò dùn mọ́ wa.

Ẹyin kejì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹyin méjì wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí Ayọ̀ fi fún Lámídì ní ohun tí kò gbọdọ̀ lò? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ó ń dán an wò. Mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀bùn, ìkejì jẹ́ ohun ìfipamọ́. Ó wà lọ́wọ́ Lámídì, kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ó wà lọ́wọ́ mi" àti "èmi ni mo ni ín" ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọnà rí. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fowó rà, tiyín ni. Ẹ lè tà á, ẹ lè fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ohun ìfipamọ́ lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé Bàbá Sàlá àti Balógun kò ro kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n ń ya ẹyin. Ṣùgbọ́n òwe kì í mọ ibi tí wọn yóò pa á sí. Ẹ tún kíyè sí i pé nínú fíìmù, gbájúẹ̀ nìkan kọ́ ló ba Lámídì jẹ́. Ìfẹ́ owó tí kò ṣiṣẹ́ fún ló ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni olè ìbá ta kásẹ́ẹ̀tì fún?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń jiyàn pé, "Ẹ̀yin Olùkọ́, bí kò bá sí àdàkọ yẹn, báwo la ṣe fẹ́ rí i?" Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston tàbí Toronto kò ní ilé sinimá tó ń fi fíìmù wọ̀nyí hàn. Ṣùgbọ́n pé olè gbé ọmọ gba ojú ọ̀nà tó tọ́ kò sọ ọ́ di bàbá ọmọ. Ohun tó yẹ kí àríyànjiyàn yẹn bí ni ìbéèrè fún ibi ìkó-fíìmù-pamọ́ tó dára. Òfin Nàìjíríà tuntun fàyè gba àwọn ilé-ìkàwé láti ṣe àdàkọ iṣẹ́ kó má bàa ṣègbé. Iṣẹ́ tó kù ni ti àwọn yunifásítì.

Ìkádìí

Kí ni kí àwa ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ òfin ibi tí ẹ wà. Òfin Amẹ́ríkà gbà pé kí olùkọ́ fi fíìmù han akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti èrè láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kò fàyè gba àdàkọ tí olùkọ́ mọ̀ pé wọn kò ṣe lọ́nà tó bófin mu. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ọmọ oníṣẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ń tà á, ẹ rà á. Ààbò lórí fíìmù ní Nàìjíríà jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó jáde, nítorí náà Ọ̀run Móoru ṣì ní olówó rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó kan ọ̀pọ̀ nínú yín jù: ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn ìyá àgbà yín sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ki oríkì náà àti ìdílé tó ni ín. Àṣà wa ti mọ èyí kí ìwé òfin tó dé. Kí akéwì tó bẹ̀rẹ̀, ó ń júbà: ó ń dárúkọ àwọn tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ìbà yẹn ni a ń sọ di àtòjọ orúkọ ní ìparí fíìmù. Ẹni tó bá gé e kúrò kí ó tó pín fíìmù náà kiri, ẹyin kejì ló fọ́ yẹn.