Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Gbénugbénu: Ipò Oníṣẹ́ Ọnà Ìgbèríko nínú Iṣẹ́ Lámèyítọ́

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbénugbénu. Òwe yìí pín iṣẹ́ fún ẹni méjì: ẹni tí ó fi irin gbẹ́ igi, àti ẹni tí ó fi ẹnu sọ ohun tí igi náà dà. Àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá a máa yẹ iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wò fínnífínní. Iṣẹ́ ẹnì kejì, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tiwọn gan-an, ni wọn kì í sábà yẹ̀ wò. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé apá kan tí kò kéré nínú ìfàsẹ́yìn tí ó bá oníṣẹ́ ọnà ìgbèríko láwùjọ ti ọwọ́ gbénugbénu wá, àti pé àtúnṣe tí àwọn onímọ̀ ti ṣe kò tíì kárí.

2. Irú ìfàsẹ́yìn tí ó jẹ́

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jọ ọ́. Láàrin àwọn Mandé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìdílé alágbẹ̀dẹ jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ láwùjọ, láàrin ara wọn ni wọ́n sì ti ń fẹ́yàwó. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá. Iṣẹ́ lè jẹ́ ti ìdílé, ṣùgbọ́n kì í sé ọ̀nà ìgbéyàwó. Bí ó bá sì jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, Ògún tí gbogbo ìlú ń bọ ni ó ń sìn. Nítorí náà, kì í ṣe ìbí ni ó ti oníṣẹ́ ọnà Yorùbá sí ẹ̀yìn.

Ohun tí ó tì í sẹ́yìn ni pé àwọn tí ń gbéṣẹ́ fún un dín kù. Lẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn dé, agbára ààfin láti máa bọ́ oníṣẹ́ ọnà kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ àti ẹ̀sìn Ìmàle gba ọ̀pọ̀ àwọn olórìṣà tí wọ́n ti ń ra ère. Abọ́ tánganran dé sí ọjà, ike tẹ̀ lé e, amọ̀kòkò sì di ẹni tí a ń wá nígbà tí a bá fẹ́ se àgbo. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gba ọmọ tí ì bá jókòó ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó bú oníṣẹ́ ọnà. Òwe ń yìn ín, oríkì ń kì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun ṣe bíi tirẹ̀.

3. Orúkọ tí a kò béèrè

Ní àkókò yìí kan náà ni iṣẹ́ ọnà ìgbèríko ń di ohun iyebíye lókèèrè. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Ọlọ́wẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tí ó sì dàgbà sí Ìsẹ̀, ni ó gbẹ́ ẹ láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914. Lára rẹ̀ ni ọba ti jókòó, tí ó ń gba àlejò òyìnbó tí àwọn alárùú gbé wá. Ní 1924, wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà. 1938 ni ó tó kú. Ní 1944, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Philip Allison kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Nigeria.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìgbà náà gbà pé oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà kò ní orúkọ, pé ẹ̀yà lápapọ̀ ni ó ń gbẹ́ ère. Rowland Abiodun ti fi yé ni pé orúkọ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń sọ sí àlejò létí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ní í ṣe pẹ̀lú orí ẹni. Ẹni tí ó bá dákẹ́ níwájú àlejò kò wí pé òun kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ère. Àìbéèrè dáadáa ni gbénugbénu sọ di àìlórúkọ.

4. Àtúnṣe àti ibi tí ó kù sí

A kò gbọdọ̀ fojú di àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e. Àlùfáà Kevin Carroll, tí ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàrin 1947 sí 1954, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1967. Ó tún kọ ìpele iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ní 1998, ìpàtẹ kan wáyé ní Washington fún Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Ní 2022, òmíràn wáyé ní Yale fún Bámigbóyè ti Odò-Ọwá.

Síbẹ̀, àbùkù méjì wà nínú àtúnṣe yìí. Èkíní ni pé ẹni tí ọba ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń mọ̀. Ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ jẹ́, ara òpó àti ilẹ̀kùn ààfin ni iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Amọ̀kòkò kò ní ààfin tí yóò tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìkòkò bá fọ́, ó di àpáàdì. Bí ó bá sì wà lódindi nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, orúkọ ìlú ni a sábà máa ń kọ sí i lára. Bí lámèyítọ́ bá gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀ nìkan là, kò tíì yanjú ọ̀ràn àwọn obìnrin.

Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1988, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Olójú-ifun, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Oríkì náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn ibi tí ó ti gbẹ́nà, nípa bí igi líle ṣe ń gba ìrànlọ́wọ́ irin rẹ̀, àti nípa òkìkí tí iṣẹ́ náà mú wá. Àwọn onímọ̀ lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí láti fi mọ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ohun tí a kò tẹnu mọ́ tó ni pé oríkì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ lámèyítọ́. Ó sọ èyí tí ó dára, ó sọ ìdí tí ó fi dára, ó sì fi oníṣẹ́ sí ipò rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́. Olójú-ifun ni gbénugbénu tí òwe ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni ó jẹ́. Onímọ̀ ni ó wá di gbénugbénu.

5. Ìkádìí

Ìfàsẹ́yìn oníṣẹ́ ọnà ìgbèríko kò parí ní ọjọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ère. Ó ń bá a lọ níwọ̀n ìgbà tí a bá ń gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí a kò gba ìdájọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Abiodun, nínú ìwé rẹ̀ ti 2014, ti jà fún un pé oríkì ni ọ̀nà tí a lè gbà wo iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Èyí tí ó kù ni kí a ka àwọn tí ń ki oríkì náà sí ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ lámèyítọ́, kí ìbéèrè sì dé ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò, ahunṣọ àti aláró kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó kú tán. Àádọ́ta ọdún ni Olójú-ifun fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kí ẹnìkan tó wá béèrè. Kì í ṣe gbogbo amọ̀kòkò ni ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.