‘Drinkard’: Ohùn Tutuola

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ jẹ́ ká tún Amos Tutuola yẹ̀ wò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín. Nílé ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Abẹ́òkúta yìí ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lójú.

Ẹ wo àkọlé rẹ̀. ‘Drunkard’ ni Gẹ̀ẹ́sì ní, inú ‘drunk’ ló ti wá. Nínú ‘ọ̀mùtí’ tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló hàn: ọ̀-, mu, ọtí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘drinkard’ ṣe fi ‘drink’ síta gbangba. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì bá ìtàn mu: ‘drunkard’ jẹ́ èébú, àmọ́ ẹmu mímu niṣẹ́ akọni yìí. Bàbá rẹ̀ fún un lóko ọ̀pẹ tó ní igi 560,000! Àsọdùn apàlọ́, ìṣirò akọ̀wé. Ohùn Tutuola nìyẹn.

N ò sọ pé gbogbo àṣìṣe ló di ọnà èdè o. Àṣìṣe kì í ní ìlànà; ohùn ẹni máa ń ní in. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ẹ kà á tán ná, kí ẹ wò ó bóyá ohun tó ń dà yín láàmú ní ìlànà. Bó bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò pupa yẹn sílẹ̀.