Adé, Àkòró àti Fìlà: Bí Orí Ṣe Ń Gbé Oyè ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni àwọn ìdílé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ya àmì wọn sára apata tí jagunjagun fi ń gba idà àti ọfà, débi pé ẹni tó bá mọ àwọn àmì náà kà yóò mọ ìdílé tí ẹni tó gbé apata ti wá, ipò tó wà, àti ẹni tó fi í sí ipò náà. Ìmọ̀ yìí, tí a lè pè ní ìmọ̀ àmì oyè, ní òfin àti alábòójútó tirẹ̀: ní ọdún 1484 ni Richard Kẹta, ọba England, fi ìwé àṣẹ dá ilé iṣẹ́ College of Arms sílẹ̀ ní London, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló sì ń bójú tó ẹ̀tọ́ sí irú àmì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà títí di òní. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní ìmọ̀ tó ṣe déédéé èyí, àmọ́ orí ènìyàn ni ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń gbé e lé, kì í ṣe apata, ohun tó sì ń sọ ìdérí di àmì oyè níbẹ̀ kì í ṣe ìrísí rẹ̀ tàbí iye owó tí wọ́n ná lé e, bí kò ṣe ọwọ́ tó gbé e léni lórí. Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akinmọ̀rìn àti Jọ́bẹ́lẹ̀, tí wọ́n wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, jẹ́ ibi tó dára láti ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, ìlànà ààfin Ọ̀yọ́ ló sì ti ń darí oyè níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìdí tó fi jẹ́ orí kò ṣòro láti rí. Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé orí inú, ìyẹn ìpín tí ènìyàn yàn kó tó wá sáyé, ni òrìṣà tó kọ́kọ́ yẹ ní bíbọ. Ilé orí, ìyẹn àpò tí wọ́n fi awọ ṣe, tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára, tí wọ́n sì ń tọ́jú ìborí sínú rẹ̀, fẹ̀ nísàlẹ̀ ó sì ṣẹnu ṣóńṣó lókè, gẹ́gẹ́ bí adé ńlá náà ti rí. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé àròkọ kan jáde ní ọdún 1970 lórí adé onílẹ̀kẹ̀ àwọn ọba Yorùbá, ó sì tẹnu mọ́ ohun méjì tó ń mú adé jẹ́ adé: ẹyẹ tó bà sórí rẹ̀, àti ìbòjú, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó rọ̀ bo ojú ọba kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ má bàa máa wo ojú ènìyàn kan lásán. Ó yẹ kí a fi kún un pé ọba kì í wo inú adé. Ohun tí ẹni tó dé e kò gbọdọ̀ wò ti kọjá ọ̀ṣọ́.

Ìgbà tí dídé adé bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́. Lára àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní ọgbà Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938, a rí èyí tó dé adé tó ní ìyẹ́ níwájú, èyí sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún kí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti Yúróòpù dé ni orí ọba ti ní ìdérí tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ yìí, tó pọ̀ lọ́jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ bíi ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lè máa fi àwọ̀ oríṣìíríṣìí ya ojú àti ẹyẹ sára adé. Ohun èlò yí padà, ẹ̀tọ́ kò yí padà.

Ìwé Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí ìwé náà kò jáde títí di ọdún 1921, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń gbé adé léni lórí yìí jù. Kòso, ojúbọ Ṣàngó, ni wọ́n ti ń dé Aláàfin, ọba Ọ̀yọ́, ládé, Ìyá Kéré, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin olóyè ààfin, ló sì ń gbé adé náà lé e lórí. Ọwọ́ obìnrin yìí ni gbogbo ohun ẹ̀yẹ ọba wà, bí inú bá sì bí i sí ọba, ó lè kọ̀ láti gbé wọn jáde, kí ọba má lè jókòó gba àlejò ní gbangba lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí onímọ̀ àmì oyè ní Yúróòpù ronú lórí èyí dáadáa, nítorí pé níbẹ̀, àwòrán adé tí wọ́n yà sórí ìwé tàbí tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ti tó láti dúró fún ọba. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gbé àwòrán adé ọba England sáàárín àmì rẹ̀ láti ọdún 1914 títí di òmìnira. Ní Ọ̀yọ́, àwòrán kò lè ṣe é. Àfi kí adé jáde, kí ọwọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sì gbé e jáde.

Ìsàlẹ̀ adé ńlá ni àkòró wà, ìyẹn adé kékeré tí kò ní ìbòjú, tí ọba ń dé nígbà tí ayẹyẹ kò tó ti adé ńlá. Lábẹ́ ètò Ọ̀yọ́ àtijọ́, kì í ṣe gbogbo olórí ìlú ló lè dé adé. Ọ̀pọ̀ ìlú ló jẹ́ pé baálẹ̀ tó ń dé fìlà ni olórí wọn, Aláàfin ló sì lè gbé ẹnikẹ́ni kọjá ibẹ̀. Ifẹ̀ náà sọ pé ọwọ́ tòun ni àṣẹ adé wà, ìjà yìí kò sì tíì tán. Ní ọdún 1903, nígbà tí Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, sọ pé Ẹlẹ́pẹ̀, olórí ìlú Ẹ̀pẹ̀ ní Rẹ́mọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé, MacGregor, Gómìnà Èkó, ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Ifẹ̀, Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, wá sí Èkó, Ọọ̀ni jẹ́rìí pé Ẹlẹ́pẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìkéde ìjọba. Ọjọ́ yẹn ni ìlànà bíi ti London wọ inú ọ̀rọ̀ adé Yorùbá: òkodoro ẹ̀tọ́ di ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi dé àwọn olóyè àti baálẹ̀ mọ́kànlélógún ládé ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Adé tí ìwé ìjọba nìkan bí, ìwé ìjọba mìíràn lè pa á.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí à ń sọ kì í ṣe adé rárá. Òjìjìkò ni, fìlà Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìyẹn olórí ogun ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Johnson sọ pé ìkó ìrù odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, tó sì ní ìrù tó gùn lẹ́yìn títí dé ìbàdí. Aláàfin ló ń fi ènìyàn jẹ oyè yìí. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ìlú tí kò jìnnà sí Fìdítì, gba oyè náà lọ́wọ́ Aláàfin Àtìbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí wọ́n sì fi Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, jọba, Kúrunmí kọ̀ láti gbà, ó ní àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Ogun ló parí rẹ̀, Ìjàyè sì fọ́ ní ọdún 1862. Ọ̀pọ̀ ń pe èyí ní agídí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn yára jù: ẹni tí oyè orí rẹ̀ ti ọwọ́ ọba wá ní ìdí láti bi ara rẹ̀ bóyá ọwọ́ tuntun náà mọ́. Ọwọ́ Aláàfin náà ni Ládòkè Akíntọ́lá ti gba oyè yìí ní ọdún 1964, MKO Abíọ́lá ní ọdún 1988, àti Gani Adams ní ọdún 2018.

Ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì náà ní ìdérí oyè tiwọn. Láwàní ni wọ́n ń wé fún Lèmọ́ọ̀mù nígbà ìfinijoyè, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń wé e. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, Póòpù Innocent Kẹrin fún àwọn kádínà ní akẹtẹ̀ pupa ní ọdún 1245; wọ́n sì ń ya irú akẹtẹ̀ náà sókè apata wọn dípò akoto jagunjagun, bí wọ́n ti ń ya aláwọ̀ ewé, tó ní wajawaja mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún bíṣọ́ọ̀bù. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti dáwọ́ dídé akẹtẹ̀ náà lé kádínà lórí dúró, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú àwòrán.

Fìlà ni òmìnira wà. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè lọ sí ọjà Akẹ̀sán, kó ra gọ̀bì tàbí abetí-ajá, èyí tó ní etí méjì tí a lè fà bo etí nígbà ọyẹ́, tàbí kó rán an ní sányán, ẹtù tàbí àlàárì, láìtọrọ àṣẹ. Àwọn kan ń sọ lónìí pé ọ̀tún ni àpọ́n ń gẹ fìlà sí, òsì ni ẹni tó ti gbéyàwó. Fọ́tò ìnáwó èyíkéyìí tó ti pẹ́ yóò fi hàn pé bó ṣe wu kálukú ló ń gẹ̀ ẹ́. Fìlà Awólọ́wọ̀, tó wà lórí owó ọgọ́rùn-ún náírà láti ọdún 1999, àti fìlà Bọ́lá Tinúbú tó ní àmì ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jíjá, ti di ohun tí a fi ń mọ ọmọlẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè rán wọn dé. Àmì ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe àmì oyè. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti máa ń hàn kedere ni ààfin, níbi tí olówó àti tálákà ti jọ ń ṣí fìlà níwájú Onífìdítì, ọba Fìdítì, tí adé Onífìdítì kò sì kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni àkọsílẹ̀. Ó yẹ kí ààfin kọ̀ọ̀kan ní Afijió ya fọ́tò adé àti àkòró rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún tó ṣe é, ẹyẹ tó wà lórí rẹ̀, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó gbé e lé ọba lórí, nígbà tí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé láti jẹ́rìí.