Òórùn Ápù Nínú Ìwọ́de: Iṣẹ́ Hiwa K Lórí Ìrántí Àwọn Kurd

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2011, ọkùnrin kan rìn la àárín àwọn olùwọ́de kọjá ní ìlú Sulaymaniyah, ní ìhà àríwá Ìráàkì. Fèrè kékeré onírin tí à ń pè ní hamóníkà ni ó ń fọn. Ẹnì kejì rẹ̀ ń ta gìtá, gbohùngbohùn àgbéléwọ́ sì ń gbé ìró méjèèjì jáde. Hiwa K, tí a bí ní ìlú yẹn kan náà ní ọdún 1975, ni afọnfèrè náà. Fíìmù tí a ká sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó di iṣẹ́ ọnà tí ó pè ní ‘This Lemon Tastes of Apple’. Bí a bá fi Yorùbá pe àkọlé yìí, ‘Ọsàn Kíkan Yìí Jọ Ápù Lẹ́nu’ ni yóò jẹ́.

Láti orí àkọlé ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá yé kò ní rí ju afọnfèrè láàárín èrò lọ. Ọsàn kíkan jẹ́ ti ọdún 2011: omi rẹ̀ ni àwọn olùwọ́de ń lò láti dín oró tajútajú kù. Ápù jẹ́ ti ọdún 1988. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún náà ni ọkọ̀ òfuurufú ogun ìjọba Saddam Hussein ju gáàsì olóró sí ìlú Halabja, tí ènìyàn bí 5,000 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè é jẹ́rìí pé òórùn tí ó dé sí àwọn nímú jọ ti ápù. Èdè Yorùbá ran olùwòran lọ́wọ́ níhìn-ín ju èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ àkọlé náà lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ‘gbọ́’, ni ó wà fún ìró àti fún òórùn. Olùwòran ń gbọ́ fèrè. Ẹni tí ó yè ní Halabja ń gbọ́ ápù.

Ó rọrùn láti ka iṣẹ́ yìí sí orin arò. Ẹni tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ó yin tajútajú. Ní 1988, ìjọba Baghdad ni ó pa àwọn ará Halabja. Ní 2011, Kurd ni ẹni tí ń yìnbọn, Kurd náà ni ẹni tí ń sá. Láti 1991 ni àwọn Kurd ti ń ṣàkóso ara wọn ní agbègbè yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sì pín agbára mọ́wọ́. Ìwà ìbàjẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 17 oṣù kejì, tí wọ́n sì fi nǹkan bí oṣù méjì gbáko wà lójú pópó. Ikú Halabja wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ náà fi ń tọ́ka sí ẹ̀tọ́ wọn láti ṣàkóso. Hiwa K gba ìrántí yẹn lọ́wọ́ wọn, ó sì dá a padà sí ẹnu ẹni tí wọ́n yin tajútajú lù.

Ẹnìkan lè wí pé àfiwé náà ti pọ̀ jù: tajútajú kì í pani bí gáàsì Halabja. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àkọlé náà kò sọ pé ọsàn ni ápù. Ó ní ó jọ ọ́ lẹ́nu. Inú ara ẹni tí ń sá ni ọdún méjèèjì ti pàdé. Kò sí ẹni tí ó fi iye òkú wọn wé ara wọn.

Ní Sulaymaniyah kan náà, ilé tí àwọn ọlọ́pàá inú Saddam ti ń dá ènìyàn lóró, tí àwọn ará ìlú gbà ní 1991, ti di ilé ìrántí. Amna Suraka ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a fi àfọ́kù dígí 182,000 bo ògiri rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan nínú iye tí àwọn Kurd kà mọ́ àwọn tí ó bá ìkọlù Anfal lọ. Iná kéékèèké 4,500 sì wà lókè fún àwọn abúlé tí a run. Ohun tí ó yẹ ni. Àmọ́ ìrántí tí a ti kà tán, tí a tò sára ògiri, rọrùn fún aláṣẹ láti mú àlejò lọ wò. Èyí tí ó wà lẹ́nu ará ìlú kò ṣeé tì mọ́lé bẹ́ẹ̀.

Orin tí Hiwa K fọn kò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Inú fíìmù Sergio Leone ti ọdún 1968, ‘Once Upon a Time in the West’, ni ó ti wá. Ennio Morricone ni ó ṣe orin náà. Nínú ìtàn yẹn, apààyàn kan ti hamóníkà bọ ọmọdékùnrin kan lẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dúró lé e léjìká pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Bí àárẹ̀ bá mú àbúrò, ẹ̀gbọ́n kú. Hamóníkà sì yàtọ̀ sí fèrè yòókù: ó ń dún bí a bá fẹ́ ẹ, ó ń dún bí a bá fa èémí sínú. Láàárín tajútajú, ẹni tí ń fọn ọ́n ní láti fa afẹ́fẹ́ náà sínú kí orin tó lè pé. Níbí ni agbára iṣẹ́ náà wà jù lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí a fi ṣàlàyé rẹ̀ nínú fíìmù.

Agogo tí Hiwa K gbé lọ sí ìpàtẹ Venice ní 2015 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Calabar ní 1963, tí ó sì kú ní 2019, ni ó ṣètò ìpàtẹ ọdún náà. Irin bọ́ǹbù àti ohun ìjà ogun tí a yọ́ ní ìhà àríwá Ìráàkì ni a fi rọ agogo náà ní Ítálì. Nígbà ogun, àwọn ará Yúróòpù máa ń yọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti fi rọ ìbọn ńlá. Hiwa K yí i padà. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ibi tí irin náà ti wá ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí agogo ní í sọ. Fíìmù tí ó bá a rìn dára jù ú lọ: Nazhad, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyọ́ irin wọ̀nyí, dúró láàárín òkìtì àlòkù ohun ìjà, ó sì ń sọ ohun tí ó mọ̀ nípa wọn, títí dé orílẹ̀-èdè tí ó ṣe wọ́n.