Àpótí Tí Kì í Béèrè Ohun Tó Wu Ẹnu

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àpótí ẹ̀fọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Páálí lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó dì í mọṣẹ́. Ọ̀dùnkún tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kárọ́ọ̀tì àti bítírúùtù tẹ̀ lé e, ewé ẹlẹgẹ́ sì jókòó sókè kí ohun tó wúwo má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni Àǹtí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, oúnjẹ inú ike tí à ń gbé sínú máíkíròwéèfù ni wọ́n sì ń jẹ. Ọdún tí wọ́n fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀ ni aládùúgbò kan júwe àpótí yìí fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ oúnjẹ sísè. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ọwọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí chard, ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tí igi rẹ̀ máa ń pupa tàbí kó funfun. Wọ́n á ká ewé náà sí méjì, wọ́n á fi ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ igi rẹ̀, igi á bọ́ sọ́tọ̀, ewé á bọ́ sọ́tọ̀. Igi ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ dà sínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà, nítorí òun ló ń pẹ́ jinná. Ní ti ewé, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, kò ní ju kéèyàn ka ení dé ọgbọ̀n lọ, wọ́n á kó o sómi tútù, wọ́n á wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fún un tó bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ mi, omi tó bá kù lára ẹ̀fọ́, inú ọbẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó bá ti ń ṣàn, kì í ṣe ẹ̀fọ́ rírò mọ́.”

Ata ti dín, epo ti yọ sókè, irú ti ń ta sánsán kí wọ́n tó da ewé sí i. Wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n paná. Ewé náà kò ṣá.

Chard àti bítírúùtù, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n mọ́ pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Abájọ tí ewé orí bítírúùtù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gé dà nù, fi ń di ẹ̀fọ́ gidi lọ́wọ́ Àǹtí. Bítírúùtù fúnra rẹ̀, tòun ti èèpo ni wọ́n ń sè é, kí pupa rẹ̀ má baà ṣàn sómi. Bó bá jinná, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń bó o.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ alásè, iṣẹ́ àgbẹ̀ náà wà nínú àpótí yìí. Riverford, oko kan ní Devon, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú àpótí yìí kiri ní 1993, láìlo ajílẹ̀ àtọwọ́dá. Láti 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ló ń dán irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ohun ọ̀gbìn ìgbà òtútù ti ń tán lọ, ti ìgbà ooru kò tíì tó í ká. Ohun tó bá ro tẹ́lẹ̀, tó sì gbìn sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ni yóò dì sínú àpótí.

Lásìkò yẹn lọ́dún kan, kábéèjì ló ń dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àǹtí kò ráhùn. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ se ẹ̀gúsí, wọ́n rẹ́ èkejì tín-ín-rín, wọ́n dín in pẹ̀lú ata rodo, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta bo ẹja nínú ìkòkò títí ó fi rọ̀. Ẹni tó bá ń ra kìkì ohun tó wù ú, ohun tó ti mọ̀ ni yóò máa sè. Àpótí kò béèrè ohun tó wu Àǹtí, ìyẹn ló sọ wọ́n di alásè.

Bí ẹ̀fọ́ tí ẹ kò sè rí bá dé ilé yín, ẹ má gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ ya igi rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ bọ ewé rẹ̀, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu iyọ̀ sí i.